Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tó Gbóná

Ọwọ́ mi ti dé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n tó rántí pé iwájú ilé ọ̀gá mi ni mo wà. Mo yára fà á padà, mo fi nu ojú bí ẹni tí eruku wọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mọ̀, mo ti mọ̀ ọ́n. Bọ́nẹ́ẹ̀tì náà gbóná. Ẹnì kan ti tan mọ́tò náà sílẹ̀ kí a tó dé, kò sì tíì pẹ́ tó pa á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, kí ẹ lè bá mi bínú dáadáa. Èmi Àmúdà, mẹkáníìkì ni mí ní Ṣakí, ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. N kì í ṣe onísùúrù èèyàn. Ìyàwó mi máa ń sọ pé n kò lè dúró de ọbẹ̀ kó jinná, àfi kí n ṣí ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ bó bá di ọ̀rọ̀ mọ́tò, ojú mi kì í fò ó, etí mi kì í sì í ṣì í gbọ́. Ìdí nìyẹn tí Tolúlọpẹ́ fi mú mi dání lọ sí Ìgbẹ́tì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Tolú. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní abúlé kan lẹ́yìn Àgọ́-Àmọ́dù, níbi tí òun nìkan jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí òun náà sì ń gbálẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá, ọ̀kadà ló fi gbé aboyún kan lọ sí Ṣakí. Ọlọ́kadà wà níwájú, aboyún wà láàárín, Tolú wà lẹ́yìn, ó di obìnrin náà mú. Wọn kò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí ọmọ fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́ nínú ẹrẹ̀. Ọmọ náà kò ké. Nígbà tí Tolú sọ ọ́ fún mi, kò sunkún, ó kàn ń fi èékánná họ orí tábìlì.

Láti ìgbà náà ló ti ń wá mọ́tò. Àwọn obìnrin abúlé márùn-ún dá owó kájú àti owó ẹ̀lùbọ́ jọ fún un, wọ́n ní kó lọ ra mọ́tò tí yóò máa dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Bí owó yẹn bá wọgbó, kò sí òmíràn. Mọ́tò tó ń lo epo dísù ló fẹ́, nítorí bí bẹntiróòlù bá tán ní gbogbo agbègbè náà, dísù kì í tán lọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ ẹ̀lùbọ́. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ó fẹ́ mọ́tò tí wọn yóò wá jí ní òru, tí yóò ti sùn sínú òtútù, tí yóò sì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ tó ní fún un.

Èmi tí ẹnu mi kì í dúró, èmi ni mo sọ fún un pé mo mọ ẹni tó ní irú ẹ̀.

Bàbá Abíọ́nà ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọdún méje ni mo fi sìn ín ní Ìgbẹ́tì. Ní ọdún kẹta, bàbá mi kú, kò sì sí ẹni tí yóò máa bọ́ mi mọ́. Ọ̀gá kò lé mi. Ilé rẹ̀ ni mo ti ń jẹun títí mo fi ṣe fírídọ́ọ̀mù, kò sì fìgbà kan ní kí n san ohunkóhun padà. Mọ́tò rẹ̀ yìí, tó gùn lẹ́yìn débi pé èèyàn lè nà gbalaja sínú ẹ̀, ló fi ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta mábù. Ní báyìí, ojú ń dùn ún. Ó fẹ́ tà á kó fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú.

Nítorí náà, nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì jó mi lọ́wọ́, n kò sọ nǹkan kan. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá Abíọ́nà gbé omi wá, ó gbé iyán wá, ó béèrè àlàáfíà gbogbo ẹbí mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń dáhùn, ojú mi ń lọ síbi tí mọ́tò wà. Iyán náà dùn, n kò mọ bí mo ṣe jẹ ẹ́.

A jẹun tán, ọ̀gá wọ inú mọ́tò, ó ṣáná sí i. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló dáhùn. Ó ń dún gẹ́lẹ́, kò rú èéfín, kò gbọ̀n.

"Àmúdà," ni ọ̀gá wí, "kí lo gbọ́?"

Ohun tí mo gbọ́ ni ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ ti yá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìlera ẹ́ńjìnnì dísù, kó lọ bá a ní ìdájí, kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí ara bá ti gbóná, ó ní, gbogbo wọn ni ọmọlúàbí. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n pa á. Ó yẹ kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n tú ìdérí ọ́ìlì, kí n wò ó bóyá èéfín ń tì jáde níbẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti tán ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tiwa, ọmọ iṣẹ́ kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ọ̀gá rẹ̀ àfi tí ọ̀gá bá ní kó ṣí i. O lè ti di baba ọlọ́mọ, o lè ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá tìrẹ, ọ̀gá ni ọ̀gá. Ohun tó bá ti fọwọ́ sí, a kì í tún un yẹ̀ wò lójú ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é, ìròyìn rẹ̀ yóò ti dé Ṣakí kí òun fúnra rẹ̀ tó délé.

"Ó dáa, ọ̀gá," mo wí. "Mọ́tò dáa."

Tolú rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rí i tó ki ọwọ́ bọ inú báàgì rẹ̀. Mo wo ilẹ̀, mo wo àpáta, mo wo ewúrẹ́ kan tó ń kọjá, n kò wo ojú rẹ̀.

Ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró síbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó wí fún ọ̀gá, "ṣé a lè pa á, kí n tún un tàn fúnra mi ní àárọ̀ ọ̀la kí n tó sanwó?"

"Kí ló dé?"

"Kò sí, sà. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wọlé, a kì í wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A máa ń ní kó jókòó ná."

Ìtìjú bò mí, inú sì bí mi, n kò mọ èwo ló ṣáájú. Ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn, tí kò mọ ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, òun ló wá ń kọ́ ọ̀gá mi níṣẹ́.

"Tolú," mo jágbe mọ́ ọn, "ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn? Mo ní ó dáa. Kí lo tún fẹ́?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá Sódìq," ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó sì yíjú sí ọ̀gá. "Ẹ má bínú, sà." Ṣùgbọ́n bó ṣe kúnlẹ̀ yẹn, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló pa mọ́tò, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́, ó ní ọmọ tó ní làákàyè ni.

N kò lè jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo rìn dé ìdí àpáta, mo padà. Mo ra obì, n kò jẹ ẹ́. Mo yí mọ́tò náà ká títí ìyá Abíọ́nà fi bi mí bóyá nǹkan mi sọnù síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mo ń yí kiri títí àwọn àkùkọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Mo kí ìrun àsùbáà tán, mo bọ́ síta. Ọyẹ́ mú débi pé eyín ń gbá eyín. Ọ̀gá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ń fi ọwọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ni mo tó rí bí ojú náà ṣe burú tó.

"Àmúdà, bá mi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ká tan án díẹ̀ kí òtútù kúrò lára ẹ̀. Kó tó jáde."

"Ọ̀gá..."

"Ọ̀tún ti lọ. Èyí tó kù yìí, dókítà ní n ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá oṣù yìí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú náà. "Mi ò bẹ̀ ẹ́ rí, Àmúdà."

Òótọ́ ni, kò bẹ̀ mí rí. Mo lọ.

Tolú ti jí. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìborùn bo èjìká, kọ́kọ́rọ́ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọ̀gá ní kí n gba kọ́kọ́rọ́. Mo ti ń wá irọ́ tí n ó pa bó bá bi mí pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Kò bi mí.

"Ẹ gbà, sà. Ẹ má jẹ́ kínní àná yẹn dùn yín. Owó àwọn obìnrin yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ẹ̀yin bá ti ní ó dáa, ó dáa."

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ibi tí mọ́tò wà kò tó ogún ìṣísẹ̀. Mo rìn ín bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ lọ sí Kìṣí. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àkísà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òórùn bẹntiróòlù gbá mi nímú. Ẹni tó bá fi irú àkísà bẹ́ẹ̀ sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn, òkú ẹ́ńjìnnì á dìde. Bí dísù kò bá lè jí fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Mo ronú kan obìnrin tó wà nínú ìrọbí, àti Tolú tí yóò máa wá àkísà kiri nínú òkùnkùn.

"Tolú!" mo pè. "Máa bọ̀ níbí."

Ó sáré wá. Mo wọ inú mọ́tò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àkísà yẹn sọ́hùn-ún." Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ń yí, kò dáhùn. Mo tún un yí. Bátìrì kò lẹ́bi, agbára wà nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹfà, ó gbiná tipátipá, gbogbo ara mọ́tò ń jó, èéfín funfun bo àgbàlá débi pé àwọn adìẹ sá. Mo sọ̀ kalẹ̀. N kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo tú ìdérí ọ́ìlì. Èéfín ń tì jáde níbẹ̀, pù, pù, pù, bí ìkòkò tó ń hó.

"Ẹ́ńjìnnì yìí ti tán," mo wí. "Má rà á."

Ọ̀gá ká àkísà náà sí mẹ́rin bí ẹni tó ń ká aṣọ ọlá. "Ọmọ mi ni ọ́ náà, Àmúdà," ó wí. Kò bínú. Ó fọwọ́ tọ́ ògiri títí ó fi wọlé, kò sì tún jáde sí wa mọ́. Èmi ni mo pa mọ́tò.

Tolú ṣì dúró síbẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

Mo lè ní ìsinsìnyí ni. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi.

"Àná. Nígbà tí mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì."

"Kí ẹ tó ní ó dáa?"

"Kí n tó ní ó dáa."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì, Bàbá Sódìq. Ẹ rí i."

"Mo rí i."

A wọ bọ́ọ̀sì kejì tó kúrò ní Ìgbẹ́tì. Mo sọ̀rọ̀ títí: mo ní mo mọ ẹnì kan ní Ìṣẹ́yìn, mo ní a ó rí èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ní ṣebí èmi náà ni mo wá sọ òótọ́ nígbẹ̀yìn. Ó ń wo ìta. Lẹ́yìn Ìgbòho ló tó dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ pẹ̀lẹ́.

"Ẹ ṣeun, sà. Èyí tó ń bọ̀, mẹkáníìkì tí kò mọ ẹni tó ń tà á ni màá mú dání."

Nígbà tí a dé Àgọ́-Àmọ́dù, mo bá a gbé báàgì sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, ó kí mi kú wàhálà, ó ní kí n bá òun kí Sódìq àti màmá rẹ̀. Bó ṣe máa ń kí gbogbo àgbà ìlú nìyẹn. Èmi, tẹ́lẹ̀, ó máa ń dì mọ́ mi ni.