Afẹ́fẹ́ Ẹni Méjì

"Jímọ́ọ̀! Ṣé kò sí èèyàn níbí ni? Wá gbà mí o!"

Jímọ́ọ̀ ju sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré jáde lábẹ́ àtíbàbà tó ti ń tún alùpùpù ṣe. Ìyá Mùtàlíbù ló ń ti alùpùpù bọ̀ létí títì. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú bí ẹni di màlúù mú níwo, òógùn ti bò ó, ìborùn rẹ̀ ti fẹ́ já sílẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́, Ìyá. Kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ pè mí? Èmi ló yẹ kí n wá gbé e."

"Ta ni n ó rán? Àsìkò tó láti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ dé, kó máa bá mi sọ̀rọ̀ pé mo fi ìyà jẹ alùpùpù òun."

Ọ̀rẹ́ tó ń wí ni Mùtàlíbù, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un. Inú eruku kan náà ni Mùtàlíbù àti Jímọ́ọ̀ ti jọ dàgbà ní Èjìgbò, kí Mùtàlíbù tó tẹ̀ lé àwọn ará ilé lọ sí Àbíjáǹ. Ohun tí Jímọ́ọ̀ mọ̀, tí gbogbo ẹbí mọ̀, tí wọ́n sì fi pa mọ́ fún ìyá yìí, ni pé Mùtàlíbù ti kú.

Múrítàlá, tó ń kó ọjà láàárín Èjìgbò àti Àbíjáǹ, ló mú ìròyìn náà wálé nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ní ibà ni, kò sì pẹ́ rárá. Ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n sin ín síbẹ̀. Bàbá Àjàmú, ẹ̀gbọ́n bàbá Mùtàlíbù tó jẹ́ olórí ẹbí, pe gbogbo wọn jọ sí oko rẹ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ó ní, "Opó ni obìnrin yìí, ọmọ kan náà ló sì ní. Ẹ jẹ́ ká ṣe Iléyá tán, ká wá ẹni tí yóò máa bá a gbé, ká tó rọra sọ fún un." Ó ní kí olúkúlùkù fi Kùráánì búra. Jímọ́ọ̀ búra.

Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa, a kì í gbé òkú ọmọ ka ìyá rẹ̀ mọ́lé bí ẹni gbé ẹrù ọjà dé. Ṣùgbọ́n Iléyá kọjá, iṣu tuntun jáde, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró, kò sí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu òun jáde. Bàbá Àjàmú ń wo ojú àbúrò rẹ̀, àbúrò ń wo ojú ààfáà, ààfáà ń wo ilẹ̀. Gbogbo wọn ní àsìkò ò tíì tó. Ó dára, ta ni yóò wá sọ fún wọn ìgbà tó bá tó?

Jímọ́ọ̀ gba alùpùpù náà, ó gbé e dúró lábẹ́ àtíbàbà. Họ́ńdà pupa àtijọ́ ni, tí bàbá Mùtàlíbù rà kó tó kú. Nọ́ńbà Ọ̀yọ́ ṣì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún yìí ni wọ́n sọ wá di ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òun ni Mùtàlíbù fi ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Isundunrin. Ìyá a jókòó sẹ́yìn, a di ìbàdí ọmọ rẹ̀ mú, a máa pariwo lójú ọ̀nà pé kó rọra, kó má gbé òun jù sígbó. Tó bá sì rọra tán, a ní kí ló dé tí kò sáré mọ́.

Ohùn Mùtàlíbù ṣì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tó fi ránṣẹ́ sílé láti Àbíjáǹ. "Màámi, ẹ má jẹ́ kí mòtò mi kú o," bẹ́ẹ̀ ló wí, nítorí mòtò ni wọ́n ń pe alùpùpù lọ́hùn-ún. "Ẹ jẹ́ kí Jímọ́ọ̀ máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Kó sì máa fi afẹ́fẹ́ ẹni méjì sí táyà ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí mo bá dé, ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ gbé." Táyà tí yóò gbé ẹni méjì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ju ti ẹnì kan lọ, ìyá náà sì mọ èyí lórí bí ó ti mọ kírun.

Tẹ́lẹ̀, ìjà ni pípààrọ̀ ọ́ìlì yìí. Alùpùpù tí kì í rìn kì í tètè ba ọ́ìlì jẹ́. Jímọ́ọ̀ a tú u sínú abọ́, a gbé e dé iwájú ìyá. "Ìyá, ẹ wò ó, ó ṣì mọ́ bí òróró ẹ̀pà! Ìnákùúnàá lẹ fẹ́ ṣe yìí." Ìyá a ní, "Ṣé ìwọ ni mo bí ni, àbí Mùtàlíbù? Dà á nù, o jàre!" Àwọn tó ń kọjá lọ a dúró wò wọ́n, wọn a máa rẹ́rìn-ín.

Láti ẹ̀yìn Iléyá ni Jímọ́ọ̀ ti jáwọ́ nínú ìjà yìí, lónìí náà kò bá a jà. Ó tẹ kíìkì, ẹ́ńjìnì dáhùn, ó jẹ́ kó gbóná díẹ̀ kí ọ́ìlì lè ṣàn dáadáa. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di ojú, ó ń gbọ́ ìró náà. Láàárọ̀ yẹn gan-an ni Sìdíkàt, ìyàwó Jímọ́ọ̀, ti sọ fún un pé, "Baálé mi, ìbúra tó ń pa yín yìí, ṣé Ọlọ́run ló ní kí ẹ ṣe é?" Jímọ́ọ̀ pa ẹ́ńjìnì, ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ọ́ìlì ń ṣàn sínú abọ́, ó mọ́ roro.

Bí ọ́ìlì náà ti ń kán lọ, ó mú géèjì, ó fi wọn táyà ẹ̀yìn.

"Ó kù díẹ̀ kó pé, Ìyá. N ó fẹ́ ẹ sí i."

"Ti ẹni mélòó?"

"Ti ẹni méjì, bí a ti ń ṣe é."

"Má ṣe ti ẹni méjì mọ́. Dín in kù. Ti ẹnì kan ni kó o fi sí i."

Ọwọ́ Jímọ́ọ̀ dúró lórí táyà. "Ìyá, Mùtàlíbù ló ní ẹni mé–"

"Jímọ́ọ̀. Gbé géèjì yẹn sílẹ̀, wá jókòó tì mí."

Ó jókòó. Kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín?" Jímọ́ọ̀ bi í.

"Ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀? Ìyá, mo fi Kùráánì búra, mi ò la ẹnu mi–"

"O ò la ẹnu rẹ, òótọ́ ni. Mo gbé alùpùpù wá bá ọ lẹ́yìn Iléyá. O tú ọ́ìlì tó mọ́ roro jáde, o sì dà á nù láìbá mi jà. Mo dé ilé, mo ní kí ló ṣe ọmọ yìí? Mo ro ó títí. Àánú mi ló ń ṣe é. Kí ló wá fa àánú, nígbà tí ara mi yá, tí ilé mi ò jó? Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò wí?"

"Wọ́n ní ẹni tó bá sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Apirọrọ ni mo ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò bá tíì sọ ọ́, ọmọ mi ṣì ń bọ̀. Ẹ fi irọ́ bò mí, èmi náà fà á bora. Ó ti rẹ̀ mí, Jímọ́ọ̀. Bí wọ́n bá wọlé, mo ń rẹ́rìn-ín fún wọn. Bí wọ́n bá jáde, mo ń ki aṣọ bọ ẹnu. Ọmọ mi kú, ẹnì kankan ò tíì ṣàdúà fún un nínú ilé bàbá rẹ̀, torí kí n má baà gbọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ é?"

Omijé ti dà bo ojú Jímọ́ọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ibi tí yóò ti sunkún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó fẹ́ kú?" ìyá bi í.

"Múrítàlá ni. Ó ní Màámi ló ń pè."

Ìyá mi orí. Ó mú etí ìborùn rẹ̀, ó fi nu ojú Jímọ́ọ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ṣubú.

"Parí iṣẹ́ rẹ. Gùn ún lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Sọ fún Bàbá Àjàmú pé èmi Sàídátù ti gbọ́. Kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n mú ààfáà dání."

Jímọ́ọ̀ dìde. Ó dí nọ́ọ̀tì náà padà, ó na ọwọ́ sí agolo ọ́ìlì tuntun, ó wá dúró. Ó gbé abọ́ ọ́ìlì àtijọ́ dé iwájú ìyá.

"Ìyá, ẹ wò ó, ó ṣì mọ́ bí òróró ẹ̀pà. Ìnákùúnàá lẹ fẹ́ ṣe yìí."

Ìyá wo abọ́ náà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ìwọ ni mo bí ni, àbí..."

Kò lè pe orúkọ náà. Ẹkún tó ti ń gbé mì láti ìgbà Iléyá bú jáde, ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin fi sáré jáde láti ilé gbogbo, tí Sìdíkàt náà sì sáré dé, ó gbá a mọ́ra.

Jímọ́ọ̀ da ọ́ìlì tuntun sínú ẹ́ńjìnì, gẹ́gẹ́ bí Mùtàlíbù ti wí. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ ẹnu táyà ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ tó wà fún ìyá lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ti ẹnì kan.