Ẹni Tí Wọ́n Pè Tí Kò Gbọ́

"Ọláníran Àjàní!"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Wándé akọ̀wé pe orúkọ náà, ó sì pè é bí ẹni tí ń lé eṣinṣin kúrò lórí oúnjẹ. Kò tilẹ̀ jáde síta. Ó kàn yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwọn sójà àtijọ́ bí ogún tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi bíírò fa ìlà sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sì pe ẹlòmíràn.

Orí bẹ́ǹṣì kejì ni Ọláníran wà, kò jìnnà sí i rárá. Ó ń wo alángbá kan tó ń gun ògiri. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án pé wọ́n ti pè é.

Gbọ́njúbọ́lá ìyàwó rẹ̀ ló gbọ́. Ẹnu géètì ni tirẹ̀ wà, níbi tí ọlọ́dẹ ti dá a dúró láti àárọ̀ pé ẹni tó ni ẹjọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ wọlé.

"Wọ́n wà níbẹ̀ o! Wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì!"

Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí ọlọ́dẹ yóò fi jẹ́ kó kọjá, wọ́n ti ṣí ojú ìwé mìíràn.

Ẹjọ́ etí ni ẹjọ́ ọ̀hún, lórí owó tí ìjọba ń san fún sójà tó farapa lójú ogun. Lọ́dún 1968, bọ́ǹbù bú lẹ́bàá ihò tí Ọláníran àti ẹnì kejì rẹ̀ sá sí lójú ogun. Ẹnì kejì kú. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde létí Ọláníran méjèèjì, láti ọjọ́ náà ni ayé sì ti panu mọ́ fún un. Kó tó wọṣẹ́ sójà, tíṣà ni nílé ìwé Áńgílíkà kan lábúlé wọn nítòsí Àkànrán. Ta ni yóò gba tíṣà tí kò gbọ́ ohun tí ọmọ ń kà? Oko ẹ̀gẹ́ ló padà sí.

Ìjọba tó rí i lọ́jọ́ kan péré nígbà tó fẹ́ sọ ọ́ di sójà kò rí i mọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Lọ́dún 1974, wọ́n ní fáìlì rẹ̀ sọnù. Lọ́dún 1981, wọ́n rí fáìlì, wọ́n ní ìwé dókítà inú rẹ̀ ti gbó. Ọdún 1987 ni ìgbìmọ̀ kan tó wò ó, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé etí rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí rẹ̀, kò sí ojú ọgbẹ́. Àwọn tó kàwé, tí wọ́n so táì mọ́rùn, ló kọ bẹ́ẹ̀ o. Ó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọdún márùn-ún ni ẹjọ́ náà fi sùn sínú dúróà. Láàárín ìgbà náà, lọ́rí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ní oríta Adégbayì. Dẹ́rẹ́bà fọn fèrè títí, kò kúrò lọ́nà. Ni dẹ́rẹ́bà bá bọ́ sílẹ̀, ó gbá a létí. Etí tí kò gbọ́ fèrè ló gbá.

Gbọ́njúbọ́lá wọ inú ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀pà ni Wándé ń jẹ. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Tèmídayọ̀, àkọ́bí Gbọ́njúbọ́lá, jù ú lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ mi wà níta. Wọn ò gbọ́ nígbà tí ẹ pè wọ́n."

"Màmá, a pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Ẹni tí a bá pè tí kò dáhùn, kò wá nìyẹn. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ etí náà ló gbé wọn wá, sà. Adití ni wọ́n."

"Ìyẹn ni ìgbìmọ̀ ò tíì gbà." Wándé fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́. "Títí wọn ó fi gbà, lójú òfin, wọ́n ń gbọ́ràn."

Gbọ́njúbọ́lá rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa.

"Bí wọ́n bá sì dití lóòótọ́," ni Wándé tún wí, "wọn ì bá mú ẹni tó ń gbọ́ràn dání."

"Èmi ni wọ́n mú dání! Ẹ̀yin lẹ dá mi dúró ní géètì."

"Ọlọ́dẹ ló dá yín dúró. Èmi kì í ṣe ọlọ́dẹ."

Ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣí díẹ̀. Gbọ́njúbọ́lá rí àwọn mẹ́ta tí í ṣe ìgbìmọ̀ nínú yàrá. Ọ̀kan ń ka ìwé ìròyìn, ọ̀kan ń tayín, ẹ̀kẹta ti sùn lọ.

"Ẹ lọ kọ ìwé tuntun, Màmá."

"Ìgbà wo ni wọn ó pè wọ́n, sà?"

"Ó lè jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ó lè jẹ́ márùn-ún. Ẹ ní kí wọ́n máa tẹ́tí sílẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀.

Gbọ́njúbọ́lá wò ó. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ń kúnlẹ̀ fún irú wọn. Bí ọ̀kan bá lọ, wọn a fi èyí tó tún kéré sí i rọ́pò rẹ̀, òun a sì tún máa fi "ẹ" àti "sà" bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni pé táì ọrùn wọn ni àgbà. Ó ti rò pé agbára kan ń bẹ lẹ́yìn tábìlì wọ̀nyẹn. Lónìí, èèpo ẹ̀pà ló rí.

Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìwọ," ni ó wí, "dìde."

Wándé bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. "Màmá, èmi lẹ ń pè ní ìwọ?"

"Ìwọ ni. Gbé ìwé rẹ. Ọkọ mi wà lórí bẹ́ǹṣì kejì, wọ́n dé fìlà aláwọ̀ ewé. Lọ dúró níwájú wọn kí wọ́n lè rí ẹnu rẹ, kí o sì pè wọ́n bí ọmọ ṣe ń pe àgbà."

"Màmá, òfin—"

"Mi ò bẹ̀ ọ́."

Kò pariwo. Sàníù, sójà olápá kan tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, ló dá sí i: "Àbí etí tìrẹ náà ti di ni, akọ̀wé?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín dá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde níkọ̀ọ̀kan.

Wándé gbé ìwé rẹ̀. Ó jáde, ó dúró níwájú Ọláníran.

"Bàbá Ọláníran Àjàní."

Ọláníran wo ẹnu rẹ̀. Ó dìde, ó nà ró ṣánṣán.

"Mo wà níbí!"

Ohùn tí kò gbọ́ ara rẹ̀ kì í mọ ìwọ̀n. Ó kọjá géètì, ó bọ́ sí títì. Ẹni tó ń sùn nínú ìgbìmọ̀ ta jí.

Níwájú ìgbìmọ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n bi í. Èyí tó ń béèrè dojú kọ bébà, débi pé Ọláníran ò rí ẹnu rẹ̀. "Gbé orí rẹ sókè," ni Gbọ́njúbọ́lá wí fún ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Ó gbé e sókè. Wọ́n kọ nǹkan díẹ̀, wọ́n ní kí tọkọtaya náà máa retí lẹ́tà. Gbọ́njúbọ́lá kò kí wọn pé wọ́n ṣeun.

Ní títì, Ọláníran kọjú sí i. "Kí ni wọ́n wí?"

Tẹ́lẹ̀, ì bá ti fi oyin sí ọ̀rọ̀ wọn kó tó gbé e fún un.

"Wọ́n ní ká máa retí lẹ́tà."

"Ṣé yóò dé?"

"Kò ní í dé."

Bọ́ọ̀sì Àkànrán dúró, kọ́ńdọ́kítọ̀ ń pè wọ́n. Gbọ́njúbọ́lá juwọ́ sí i pé kó máa lọ.

"Ilé Tèmídayọ̀ là ń lọ, l'Ọ́lọ́runṣògo. Ibẹ̀ la ó sùn. Lọ́la, a ó padà wá jókòó níwájú wọn."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí wọn ó fi kọ lẹ́tà náà níṣojú mi."

Ọláníran wo ẹnu rẹ̀ títí, bóyá yóò yí ọ̀rọ̀ náà padà. Kò yí i padà. Ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣáájú.