Eyín Mámà Tọ́fì

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti ìwé yìí, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ kú làálàá ọ̀sẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó fún wa ní ẹnu, tó to eyín sínú rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, tí kò sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan. A jí láàárọ̀ yìí, a sì bá wọn níbẹ̀. Ẹni tí kò bá bá tirẹ̀ níbẹ̀, kó fara balẹ̀, ìtàn yìí kàn án.

Ìjọ kan wà tí ilé ìsìn rẹ̀ fara ti ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń fọ aṣọ fún ilé ìwòsàn àti òtẹ́ẹ̀lì. Òórùn ọṣẹ máa ń gba ojú fèrèsé wọlé, á sì jókòó títí ìwàásù á fi parí. Ilé iṣẹ́ yìí ni púpọ̀ nínú àwọn òbí àdúgbò náà ti ń jẹun. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọ́n fi ń wọlé, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó jáde. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á sùn fọnfọn, wọ́n á sì lé àwọn ọmọ wọn lọ sí ilé ìsìn kí ilé lè pa rọ́rọ́.

Mámà Tọ́fì ló ń gba àwọn ọmọ náà. Ó ti ń kọ́ kíláàsì kékeré láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, nínú yàrá kan lẹ́yìn pẹpẹ, tí kò ní ju àga gbọọrọ mélòó kan àti pátákó kan tó ti sán láàárín. Ọ̀nà tó ń gbà kọ́ wọn kò le. Ọmọ tó bá mọ àkọ́sórí rẹ̀ á gba tọ́fì kan. Ọmọ tó bá ṣì rántí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá á gba méjì. Èyí tó bá ka odindi orí kan láìkọsẹ̀, Mámà á gbé ike tọ́fì síwájú rẹ̀, á ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú. Ẹ̀kọ́ náà yọrí sí rere. Kò sí kíláàsì kankan ní gbogbo agbègbè náà tó mọ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó wọn, kò sì sí èyí tí eyín wọn dúdú tó bẹ́ẹ̀. Tí àlejò bá fẹ́ mọ ọmọ tó mọ̀wé jù níbẹ̀, kò nílò ìbéèrè kankan. Kó ṣáà ti ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Èyí tó mọ̀wé jù nínú wọn ni ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí wọ́n ń pè ní Àkọ́sórí.

Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ìjọ náà ló kọ́kọ́ fura. Nọ́ọ̀sì ni, ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ní ilé ìwòsàn ìjọba. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn nítòsí. Ó jókòó ti Àkọ́sórí nígbà tí wọ́n ń kọrin, ó sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ṣoṣo ni ọmọ náà fi ń kọ ọ́. Lẹ́yìn ìsìn, ó lọ bá àlùfáà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ máa wo eyín àwọn ọmọ kíláàsì kékeré láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Oògùn kan wà tí a máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn sára eyín, bí ìgbà tí ènìyàn ń kun ilẹ̀kùn. Kì í dunni. Tí a bá ń kùn ún lóòrèkóòrè, eyín ò ní tètè jẹrà.”

“Kí ló dé tí wọn ò lè wá bá yín ní ilé ìwòsàn?”

“Ìgbà tí àwọn òbí wọn bá ti wọṣẹ́ la máa ń ṣílẹ̀kùn sà, a sì ti máa ń tì í kí wọ́n tó jáde. Ìgbà tí ọmọ ò bá lè sùn mọ́ ni wọ́n tó ń gbé e wá. Nígbà yẹn, yíyọ ló kù. Ọ̀gá mi ní òun á fún mi ní oògùn náà tí mo bá ríbi lò ó kí oṣù yìí tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ olówó tó wà lókè lọ́hùn-ún ló máa kó o fún. Wọ́n ní dókítà eyín tiwọn, àmọ́ àwọn ló kọ́kọ́ tọrọ.”

Àlùfáà mi orí. “Ohun tó dáa ni. Àmọ́ yàrá yẹn, Mámà ló ni ín. Èmi gan-an, mo máa ń kanlẹ̀kùn.”

Mámà Tọ́fì ń nu pátákó nígbà tí nọ́ọ̀sì wọlé, tó sì tẹríba kí i.

“Wọ́n ní o fẹ́ wo ẹnu àwọn ọmọ mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

“Kí ló wà lẹ́nu wọn? Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wà níbẹ̀.”

“Ó wà níbẹ̀ mà. Tọ́fì náà wà níbẹ̀.”

Mámà gbé aṣọ ìnupátákó kalẹ̀. “Gbọ́, ọmọ mi. Bàbá wọn ń sùn, ìyá wọn ń sùn. Tí kò bá sí tọ́fì, kí ló máa jí wọn wá gbọ́ ohun rere? Ṣé búrọ́ọ̀ṣì tìrẹ ni?”

“N ò ní kí ẹ má fún wọn mà. Yàrá nìkan ni mo tọrọ.”

Mámà lọ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó padà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“O rí mi ní ọ́fíìsì yín.”

“N ò rí yín mà.”

“O rí mi. Ìwọ lo gbé ike omi tí mo kó wọn sí wá fún mi.”

“Níbi iṣẹ́ wa mà, a kì í rí ènìyàn.”

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín kó má bàa rú yín lójú. Gbogbo eyín tó wà lẹ́nu Mámà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, eyín àtọwọ́dá ni. Tirẹ̀ gan-an ti tán kó tó di àgbàlagbà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú ìjọ. Eyín náà funfun, ó sì gún régé, débi pé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wò ó tìlara-tìlara. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé àlùfáà ti fi wọ́n wàásù rí. “Ẹ wo Mámà wa pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn,” bẹ́ẹ̀ ló wí. “Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń tọ́jú ohun tí Ọlọ́run fún un!” Gbogbo ìjọ yíjú wò ó. Mámà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe Àmín.

“Tí o bá gbé dígí rẹ wọ yàrá yìí,” Mámà ń bá a lọ, “ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ yẹn máa sọ ni pé kí Mámà náà lanu. O ò tíì mọ̀ wọ́n. Wọn ò nítìjú. Kó tó di àṣálẹ́, gbogbo ìjọ á ti gbọ́ pé irọ́ ni mo fi ń jẹun.”

“N ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láyé mi mà, ẹ fún mi ní yàrá o, ẹ ò fún mi o.”

“Mo gbọ́. N ò fún ọ.”

Nọ́ọ̀sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Àkọ́sórí dìde láti ka ẹsẹ tirẹ̀. Ó ka ìlà kan, ó dúró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ti wú bíi ti ẹni tó gbé odindi ọsàn sẹ́nu.

“Ó ti gbàgbé!” Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olóhùn ló pariwo bẹ́ẹ̀. “Mámà, ó ti gbàgbé! Ẹ fún èmi ní tiẹ̀!”

“N ò gbàgbé o,” Àkọ́sórí dáhùn. “Ẹnu mi ni ò jẹ́ kó jáde.”

Mámà ní kó sún mọ́ òun, kó lanu. Ní gbogbo ọdún tó ti fi ń kó ohun dídùn sẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ, kò tíì wo inú ọ̀kan rí. Ó wò ó títí.

“Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?”

“Ó ti pẹ́, Mámà. Bàbá mi ní kí n máa fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu. Wọ́n ní tí àwọn bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n á gba ẹlòmíì.” Ó wá na ọwọ́. “Ẹ fún mi ní tọ́fì mi. Mo ka ìlà kan.”

Mámà wo ọwọ́ náà. Kò fi nǹkan kan sí i.

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tó ti gbàyè lọ́wọ́ bàbá ọmọ, òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà wo ẹnu rẹ̀, ó ní yíyọ ni.

“Kò burú,” Mámà wí. “Òmíràn á hù.”

“Rárá mà. Eyín yìí kì í ṣe eyín ọmọdé. Èyí tó fẹ́ bá dàgbà nìyí. Kò sí òmíràn lẹ́yìn ẹ̀.”

Mámà di ọwọ́ ọmọ náà mú títí wọ́n fi yọ ọ́ tán. Ọmọ kò sunkún. Mámà ló sunkún. Nọ́ọ̀sì na òwú sí i, ó sì kọjú sí ògiri. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Mámà dúró.

“Oògùn kíkùn tí o wí yẹn, ṣé ì bá ti gba eyín yìí là?”

“Ó ṣeé ṣe mà. N ò lè búra.”

“Àwọn ọmọ yòókù ńkọ́?”

“Púpọ̀ nínú tiwọn ṣì ṣeé gbà là mà.”

“Máa bọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Àmọ́ má ṣe bi mí ní ìbéèrè kankan lójú wọn.”

Kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé, Àkọ́sórí ti fi ojú ihò náà han gbogbo kíláàsì, ó sì ti ròyìn fún wọn bó ṣe rí àti bí kò ṣe rí. Nọ́ọ̀sì to dígí kékeré, búrọ́ọ̀ṣì àti ìgò oògùn sórí tábìlì. Ìgbà tí wọ́n rí ìbọ̀wọ́, gbogbo wọn panu dé.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀ wọ́n. Ó kun oògùn náà sí èékánná ara rẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé kì í dunni. Wọ́n fara balẹ̀ wò ó, wọ́n sì tún ẹnu pa dé dáadáa. Wọ́n ránṣẹ́ pe àlùfáà. Àlùfáà gbàdúrà fún ẹ̀mí ìgbọràn, gbogbo kíláàsì sì gba imú ṣe Àmín. Mámà na tọ́fì kan síwájú, ó ní ẹni tó bá lanu ló ni ín. Olóhùn já a gbà, ó fi sápò, ó sì padà sáyè rẹ̀ láìya ètè.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀. “Kò sí wàhálà mà,” ó wí jẹ́jẹ́. “Ọ̀la ni ọ̀gá mi fẹ́ gbọ́ èsì. Màá sọ fún un pé kó kó o fún àwọn ará òkè.”

Mámà wo àga gbọọrọ àkọ́kọ́, ó wo ìkejì. Ó wá fa àga kan sí àárín yàrá, ó jókòó.

“Nọ́ọ̀sì, èmi ni kí o kọ́kọ́ wò.”

“Mámà, kò pọn dandan.”

“Mo mọ̀ pé kò pọn dandan.”

Ó ki ọwọ́ bọ ẹnu. Ó yọ ti òkè, ó yọ ti ìsàlẹ̀, ó kó méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì gbé e sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i.

Gbogbo ẹnu ló là. Ti àlùfáà náà là. Nọ́ọ̀sì kò fi àsìkò ṣòfò. Ó ti ibi àga iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún, nígbà tí àwọn ará iwájú sì fi máa rántí pé ó yẹ káwọn panu dé, ó ti dé àga ẹ̀yìn.

Mámà ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò yìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí. Ó dá eyín padà, ó sì tún un sọ. “Mo ní, nígbà tí mo kéré bíi yín, kò sẹ́ni tó wo ẹnu mi.”

“Mámà, ó dáa gan-an!” Olóhùn ti dìde dúró. “Ìgbà wo ni tèmi náà máa ṣeé yọ?”

“Jókòó, ọkọ mi. Kì í ṣe ohun ìṣeré. Tí mo bá fẹ́ jẹ ẹran, àfi kí n kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Tí mo bá fẹ́ sín, mo gbọ́dọ̀ di ẹnu mi mú. Inú ife ni wọ́n ti ń sùn lálẹ́, tí ẹnikẹ́ni bá sì kanlẹ̀kùn lójijì, àyà mi á já. Tìrẹ ṣì wà lórí gbòǹgbò ẹ̀. Lanu.”

Olóhùn lanu.

Àlùfáà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Mámà,” ó wí, “ìwàásù ọjọ́ yẹn...”

“Ẹ wàásù dáadáa lọ́jọ́ yẹn, Bàbá.”

“Ẹ ṣe Àmín.”

“Ẹ gbàdúrà lẹ́yìn ẹ̀. Àdúrà ni mo ṣe Àmín sí.”

Àlùfáà rò ó wò díẹ̀. “Lóòótọ́,” ó wí, “mo gbàdúrà.”

Kí wọ́n tó dá orin àkọ́kọ́ ní ìsìn àárọ̀ yẹn, gbogbo ìjọ ti gbọ́. Mámà lọ jókòó sí ibi tó máa ń jókòó. Ó gbé ohùn sókè kọrin, eyín rẹ̀ ń dún kẹ̀kẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn ìsìn, olórí ẹgbẹ́ akọrin fà á lọ sẹ́yìn òpó. Mámà ti múra sílẹ̀ de ẹ̀sín.

“Mámà, ẹ má bínú o,” obìnrin náà wí wúyẹ́wúyẹ́. “Ta ló ṣe tiyín? Tèmi kì í dúró tí orin bá ti lọ sókè.”

Nọ́ọ̀sì rí oògùn rẹ̀ gbà, ó sì ń padà wá lásìkò lásìkò. Mámà kò fún ẹnikẹ́ni ní tọ́fì mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò fún wọn, àga ẹ̀yìn ṣófo bó ṣe bẹ̀rù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n padà wá, wọ́n sì kó àwọn ọmọ àdúgbò mìíràn lẹ́yìn. Kì í ṣe Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni wọ́n bá wá, kì í sì í ṣe oògùn. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń yọ eyín. Mámà ní kí wọ́n jókòó. Ó kọ́ wọn ní àkọ́sórí, nọ́ọ̀sì sì kun eyín wọn.

Ìwọ tó ka èyí dé òpin, kí Olúwa bùkún ẹnu rẹ àti ohun tó ń wọ inú rẹ̀. Kí ẹni tó máa wo àwọn ọmọ rẹ kí ìrora tó dé má ṣe jìnnà sí ilé rẹ. Ohun tí o sì ń fi pamọ́ nítorí ojú ènìyàn, kí Ó fún ọ ní oore-ọ̀fẹ́ láti gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, lọ́jọ́ tó bá máa ṣe ọmọ kékeré kan láǹfààní. Àmín.