Nọ́ọ̀tì Òkè Ò Tú

Kò tú. Nọ́ọ̀tì òkè yìí ò tú! Ọ́ìlì dífù tó ń yí táyà ẹ̀yìn ti dà tán sínú bàsíà, ó dúdú bí àdín, ihò tí mo fẹ́ gbà rọ tuntun sí i ló wá di pa yìí. Mo ti ta kẹrosíìnì sí i. Mo ti fi òòlù gbá sípánà, orí nọ́ọ̀tì ti ń di róbótó. Nọ́ọ̀tì tuntun wà lọ́jà Owódé Onírin, ṣùgbọ́n kí òkú tó wà níbí kọ́kọ́ jáde ná… Labeebah, ta ló rán ẹ níṣẹ́? Mẹkáníìkì kún Kétu fọ́fọ́, ìwọ lo wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ jíìpù bàbá ẹ.

Daddy kì í jẹ́ kí mẹkáníìkì fọwọ́ kan ibẹ̀, ìdí nìyẹn. "Wọ́n á ta ọ́ìlì ẹ, wọ́n á rọ ìdọ̀tí sí i." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, nígbà tí ohùn ṣì wà lọ́fun wọn.

Lọ́la ni jíìpù yìí máa gbé wọn lọ sí Ìsẹ́yìn, sọ́dọ̀ Àǹtí Ajarat, àbúrò wọn. Wọn ò sì ní padà wá mọ́. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú ohùn àti ẹsẹ̀ wọn lọ, wọn ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́… Bùọ̀dá Roqeeb, ẹ̀gbọ́n mi, ló wí bẹ́ẹ̀. "Kétu o, Ìsẹ́yìn o, ọ̀kan náà ni lójú wọn." Ó lè jẹ́ òótọ́. Tí mo bá pè wọ́n, wọn kì í wẹ̀yìn. Tí kì í bá wá ṣe òótọ́ ńkọ́? Ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ ilé yìí, ká wá… Rárá. Mi ò ní sunkún lábẹ́ mọ́tò.

Gíábọ́ọ̀sì ò sì yọ mí lẹ́nu láàárọ̀. Òkè lọwọ́ mi ṣèèṣì kọ́kọ́ bà, mo tú u, mo wá tú ìsàlẹ̀, ọ́ìlì dà, mo rọ tuntun, ó parí. Daddy jókòó sórí àga níwájú ilé, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àfi ìgbà tí mo débi dífù, tí mo ki sípánà bọ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá na ilẹ̀. Kò! Kò! Kò! Mo gbé omi fún wọn, wọ́n tì í dànù. Mo ní bóyá oòrùn ni, mo sún àga. Kò! Kò! Mo tiẹ̀ jágbe mọ́ wọn — "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, orí ń fọ́ mi!" Bàbá mi ni mo jágbe mọ́ o.

Ìgbà wo ni wọ́n wá dákẹ́? … Dúró ná. Ìgbà tí ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í dà ni. Wọ́n mirí, wọ́n gbé ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Òkè lèèyàn ń kọ́kọ́ tú! Bó ò bá tíì ríbi tó o máa gbà rọ tuntun, má da ti tẹ́lẹ̀ nù… Àṣé ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Wọ́n rí i pé ibi tí kò yẹ ni mo ki ọwọ́ bọ̀.

Yéè. Wọ́n mọ̀. Daddy mọ nǹkan! Ó yẹ kí inú mi dùn — kí ló dé tí kò wá dùn?

Torí àná ni. Nínú pálọ̀, ojú wọn la ti sọ ọ́. Bùọ̀dá Roqeeb ní ká gbé wọn lọ kí yàrá lè ṣófo. Èmi ní, "Ó dáa." Mi ò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pátá ni wọ́n gbọ́.

Mo yọ orí lábẹ́ mọ́tò. Wọ́n ń wò mí. Wọn ì bá ti dákẹ́ kí n ba jíìpù jẹ́, kí ìrìn àjò náà forí ṣánpọ́n. Wọn ò dákẹ́. Ọ̀pá nìkan ló ṣẹ́ kù fún wọn, òun ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún mi… kí mọ́tò má baà kú sí mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Wọ́n mọ̀ pé èmi nìkan ni màá wà á bọ̀ láti Ìsẹ́yìn.