Ohun Tí Mo Kọ Sára Pátákó

Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni mo fi wa mọ́tò kiri àwọn ọ̀nà inú irà wa ní àríwá Minnesota, ní Amẹ́ríkà, nínú yìnyín tó dé orúnkún, mi ò sì rí òwìwí eérú kan ṣoṣo, òwìwí ńlá tí ìyẹ́ rẹ̀ rí bí eérú. Ẹyẹ wíwò nígbà òtútù ni ìgbádùn mi láyé. Èmi Dwight, tí mo pín lẹ́tà ní agbègbè yìí fún ọgbọ̀n ọdún! Àwọn àlejò tó ti Chicago wá, tí bàtà wọn ṣì ń dán, ń rí òwìwí lójoojúmọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, mo wọ ilé kékeré tí àwa tí a ń wo ẹyẹ ti ń yáná. Corinne, ẹgbẹ́ mi tó ń tọ́jú ibẹ̀, wò mí láti òkè délẹ̀.

"Dwight, kí lo ṣe fáwọn ẹyẹ yìí? Wọ́n ń sá fún ẹ o."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo lọ bá pátákó tí a máa ń kọ ẹyẹ tí a bá rí sí, mo kọ ọ́ gàdàgbà: "Òwìwí eérú, ẹ̀gbẹ́ afárá onígi, aago mẹ́jọ. Dwight." Ohun tó bá ti wà lára pátákó yẹn, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ẹ̀rí rẹ̀.

Àṣé Màmá Irja wà lẹ́yìn mi. Olùkọ́ mi ni nígbà tí mo wà ní kékeré, òun ló kọ́ mi lórúkọ ẹyẹ. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ó ti sọ fún gbogbo wa pé bí òun ò bá rí òwìwí eérú nígbà òtútù yìí, òun á gbà pé ojú òun ti lọ, òun á sì jókòó sílé.

"O ṣeun, Dwight," ó ní. "Ibẹ̀ ni mò ń lọ báyìí."

Ó yẹ kí n dá a dúró. Mo yíjú sí fèrèsé, mò ń wo àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń ṣa ọ̀rá jẹ lára egungun ìhà àgbọ̀nrín tí Corinne so kọ́ síta fún wọn, bíi pé mi ò rí wọn rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde pé kí n lọ pè é padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún jókòó. Ojú ń tì mí láti jẹ́wọ́, ojú sì ń tì mí láti dákẹ́.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta ló wọlé, yìnyín ti dì mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Ọkùnrin méjì lára àwọn ará Chicago tẹ̀ lé e.

"Mi ò rí i," ó ní. "Àwọn méjèèjì yìí rí i. Wọ́n ń nawọ́ sí i fún mi pé, 'Màmá, òun nìyẹn lórí igi yẹn.' Mo wò ó títí, igi lásán ni mò ń rí."

Ó bọ́ awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn kúrò lọ́rùn, ó gbé e síwájú mi.

"Máa lò ó. Ìwọ lojú ẹ ṣì wúlò."

Mo tì í padà síwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ mú awò yín. Kò sí òwìwí kankan níbẹ̀. Irọ́ ni mo kọ."

Corinne gbé ife ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Màmá Irja yíjú sáwọn ará Chicago.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀yin rí?"

Ọ̀kan ń wo bàtà rẹ̀. Èkejì ní, "Wọ́n ti kọ ọ́ sára pátákó, mà. A rò pé a rí i ni."

"Ó dáa. Èmi nìkan lojú mi là lónìí nìyẹn."

Ó gbé awò rẹ̀ padà sọ́rùn. Ìbá sàn fún mi ká ní ó bú mi. Àkísà ló mú, ó fi lé mi lọ́wọ́ bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.

"Nù ún. Kó o kọ tèmi síbẹ̀."

Mo nù ún níṣojú gbogbo wọn, mo sì kọ ohun tó ń pè: "Ẹ̀gbẹ́ afárá onígi, wákàtí mẹ́ta. Igi lásán. Irja." Ó ní kí n tún orúkọ òun kọ gàdàgbà, kó lè hàn dáadáa.