Bọ̀ọ̀dá Fọlárìn Padà Wá sí Ọ̀sà

Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò rí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀sán ni, síbẹ̀ kò sí oòrùn lójú ọ̀run. Kò sí apẹja, kò sí ẹyẹ. Omi náà tẹ́ rẹrẹ, ó dúdú bí aró, kò sì dún rárá. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni mo dúró sí nínú aṣọ ìdíje mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi tutù dé orúnkún.

Ọkọ̀ ìdíje tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ èjìká yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ni, Bọ̀ọ̀dá Fọlárìn, tó kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, tí àwa méjèèjì jọ wà á fún Nàìjíríà, títí ó fi ṣubú lé àjẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí à ń múra ìdíje lọ́dún tó kọjá, tí kò dìde mọ́.

Ẹ̀yìn làwa awakọ̀ ìdíje máa ń kọ síbi tí à ń lọ. Òun dojú kọ mi bó ṣe ń bọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gúnlẹ̀.

"Mosún, mú ọwọ́ wá."

Mo kúnlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú àtijọ́."

Ó fi àdí àgbọn pa àtẹ́lẹwọ́ mi níbi tí àjẹ̀ ti bó o, ó sì fi àkísà funfun dì í, bó ṣe máa ń ṣe kí a tó wọ omi láàárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó rọra ń ṣe é, bí ẹni tí kò fẹ́ parí.

"Wọ́n ti mú mi fún ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà," ni mo wí. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa lọ."

"Mo gbọ́."

"Ṣé inú yín ò dùn ni?"

Ó so àkísà náà ní kókó. Ó wá gbé ọwọ́ lé àyà mi lápá òsì. "Láti ìgbà wo ló ti ń há ọ níbí?"

Ẹ̀rù bà mí. "Àárẹ̀ lásán ni, Bọ̀ọ̀dá. Kóòṣì ń lé wa gan-an ni."

"Èmi náà, àárẹ̀ ni mo pè é."

Ìjókòó kan ṣófo nínú ọkọ̀ náà, ìjókòó mi. Mo fẹ́ wọlé. Ó fi àjẹ̀ dábùú rẹ̀.

"Bí o bá jókòó síbí, Mosún, mi ò ní lè gbé ọ padà."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lọ, òun kò wa ọkọ̀ rárá. Mo pè é, ohùn mi ò jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún ni mo ti rí àwọn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn, wọ́n lọ súà, ìjókòó kọ̀ọ̀kan ló ṣófo nínú wọn.

Mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́, òógùn ti bò mí. Mo ń gbọ́ Màámi tí wọ́n ń gbálẹ̀ lóde. Bí mo ṣe fẹ́ dìde, nǹkan ọ̀hún há mi láyà, ó dì mí mú bí ìgbà tí èèyàn di ẹ̀ṣẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ńṣe ni ǹ bá dúró kó lọ, kí n wọ bàtà mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, ìrìnàjò náà parí nìyẹn, bóyá ọkọ̀ wíwà pàápàá.

"Màámi."

Ìró ìgbálẹ̀ dáwọ́ dúró.

"Àyà ń dùn mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí."

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n gbé etí lé àyà mi. Wọ́n dìde, wọ́n ń wá gèlè.

"Dìde, ká máa lọ ilé ìwòsàn. Ikú ò ní gba ọmọ kejì lọ́wọ́ mi."