Ọjọ́ Kẹjọ ní Mọ̀dákẹ́kẹ́

Èmi ni mo rán Akínkúnlé lọ sógun. Mi ò gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, mi ò sì bá a tọwọ́ bọ ìwé kankan. Ẹnu ni mo fi rán an.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sóko nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́, kò sì padà wálé. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yìnbọn lù ú, ṣùgbọ́n èmi ti dá ẹjọ́ náà lọ́kàn mi: gbogbo Mọ̀dákẹ́kẹ́ ló pa á. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni Akínkúnlé nígbà náà, èmi ni mo sì tọ́ ọ. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mi ò fi ẹsẹ̀ tẹ Mọ̀dákẹ́kẹ́. Tí ará ibẹ̀ bá wá ra búlọ́ọ̀kù lọ́dọ̀ mi ní Òkè-Ògbó ní Ifẹ̀, màá ní kò tíì gbẹ.

Lọ́dún tó kọjá, Akínkúnlé wá sọ fún mi pé òun ti rí ọmọ tí òun fẹ́ fẹ́. Bàrákàt, ọmọ Láoyè, tó ń ránṣọ ní Mayfair nínú Ifẹ̀ níbí. Mo bi í pé Láoyè ti ibo. Ó wo ilẹ̀, mo sì mọ̀ pé Mọ̀dákẹ́kẹ́ ni.

"Bàámi, ẹ̀yin nìkan ni mo ní," ó ní. "Tí ẹ ò bá bá mi lọ tọrọ rẹ̀, ta ni yóò lọ? Wọn kì í fọmọ fún ẹni tó dá wá."

Àṣàbí ìyàwó mi dá sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ o. Àwọn tí wọ́n jọ jà gan-an ti ń jẹun nínú abọ́ kan báyìí."

"Kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ. Èmi ti yó."

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti dákẹ́. Mo kọjú sí ọmọ náà, mo ní: "Nígbà tí bàbá rẹ wà lọ́jọ́ orí rẹ, ogun ló ń jà. Ìwọ, ọmọ àwọn tó pa á lo ń sá tẹ̀ lé. O ò tíì di ọkùnrin."

Ó dìde. "Ó dáa, Bàámi. Ẹ ó rí ọkùnrin."

Kò pé oṣù kan tó fi pè mí láti Rọ́ṣíà. Ó ti wọ iṣẹ́ ọmọ ogun wọn. Ó ṣàlàyé ìjà náà fún mi: àwọn kan tó ń sọ èdè Rọ́ṣíà ní ìlà-oòrùn Yukiréènì ní àwọn fẹ́ yapa kí àwọn dá dúró, ìjọba ibẹ̀ ní kò lè ṣeé ṣe, Rọ́ṣíà sì kó ọmọ ogun wọlé pé òun wá gbèjà àwọn èèyàn òun.

"Ṣé o gbọ́ èdè kankan nínú méjèèjì?"

"Rárá, Bàámi."

"Ta ló wá ṣẹ̀ ọ́ níbẹ̀?"

"Ẹni tó ṣẹ̀ mí kò sí níbí."

Mo mọ ìjà ìlú sí ìlú. Ẹni tó bá ti òkèèrè wá dá sí i kì í mọ ẹni tó ni ilé tí òun ń dáná sun. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ fún un pé kó máa bọ̀, nítorí mo mọ ohun tí yóò bi mí: ṣé mo ti ṣe tán láti lọ sí ilé Láoyè?

Lẹ́yìn tó lọ ni Bàrákàt rí i pé òun ti lóyún. Ọjọ́ tó bímọ, Akínkúnlé tún pè.

"Bàámi, ọkùnrin ni! Ẹ bá mi lọ sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi di ọmọ tí ilé bàbá rẹ̀ kò wá. Lọ́la ni wọ́n ń kó wa lọ síwájú ogun."

Lọ́dọ̀ wa, tí ilé bàbá ò bá wá, ilé ìyá ni yóò sọ ọmọ lórúkọ, wọn yóò sì máa fi bú u ní gbogbo ìjà títí tó fi máa dàgbà. Mo mọ èyí. Èsì tí mo fún un ni pé màá rò ó wò.

Ní ọjọ́ keje, ọmọ Ìwó kan tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, Abdulrazaq, pè mí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Àwa mẹ́sàn-án la lọ, mẹ́ta la padà. Mo rí Akínkúnlé nígbà tó ṣubú. Mo dúró, mo ń wò ó. Kò dìde mọ́."

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Àṣàbí. Mo ní lọ́kàn mi pé mi ò fẹ́ ba ayẹyẹ ọmọ jẹ́. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má bi mí pé kí ló gbé e débẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ mo wọ agbádá. Àṣàbí wò mí títí. "Ṣé àlá ni mò ń lá?" A gbé oyin àti obì, ó di Mọ̀dákẹ́kẹ́.

Láoyè pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀, àna! Láti èṣí la ti ń gbé oúnjẹ yín kaná!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀, ó sì fà mí dìde. "Àgbà ti dé sí àwa méjèèjì, ẹ má lọ kán egungun yín. Ilé tiwa náà jó nígbà yẹn, àbúrò mi obìnrin wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ dé, ẹ jẹ́ ká gbé e."

Kò sẹ́ni tó sọ ti àbúrò rẹ̀ fún mi rí. Èmi náà ò sì bèèrè.

Àáfà ṣàdúrà, wọ́n gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, mo sọ ọ́ ní Ọláwọlé. Bàrákàt na fóònù rẹ̀ sí mi lẹ́nu.

"Bàámi, ẹ sọ orúkọ ọmọ fún un, kí n fi ohùn yín ránṣẹ́ sí i. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹ wá."

Mo pe orúkọ Akínkúnlé sínú fóònù, mo sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ fún un. Ó kù kí n ní kó máa bọ̀ wálé láyọ̀.

"Dárí jì mí," ni mo sọ. "Èmi ni mo rán ọ lọ."

"Ó ti dárí jì yín, àna!" Láoyè ń pàtẹ́wọ́. "Ẹni tó pẹ́ tó wá, ó ti wá náà nìyẹn!"

Bàrákàt kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé fóònù náà kalẹ̀.

"Bàámi, ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn?"

Mo tẹrí ba, ọmọ náà ni mò ń wò. Bàrákàt bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ mi.